Ọjọ́ Kejìlá Ni, Kì Í Ṣe Ọjọ́ Kẹtàdínlógún

Ọjọ́ kẹjọ, oṣù kejì

Màámi mi ọ̀wọ́n,

Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má fi ìwé kíkọ mi ṣe ẹlẹ́yà. Kíláàsì mẹ́rin péré ni mo kà, ẹ sì mọ̀ bẹ́ẹ̀. Ọwọ́ mi wúwo, ọ̀rọ̀ sì máa ń pẹ́ kó tó jáde. Tí mo bá kọ ìlà kan tán, mo máa ń sinmi bí ẹni tó pọnmi gun òkè. Ibi tí ẹ bá ti rí i tí yíǹkì dà, òógùn ọwọ́ mi ni, kì í ṣe omijé. Ẹ má páyà.

Ẹ kú àárò mi. Ẹ kú ìdí ẹ̀rọ. Ṣé eékún yín ti fúyẹ́ díẹ̀? Awakọ̀ tó ń kó pákó wá fún ọkọ mi ló máa mú ìwé yìí bọ̀, ẹ bá mi fún un lómi mu. Ọkọ mi kí yín, ṣùgbọ́n ìkíni rẹ̀ ní ọ̀rọ̀ nínú. Mo ń bọ̀ wá síbẹ̀.

Màámi, mo ti ríṣẹ́! Ilé iṣẹ́ rédíò ni mo ti ń gbálẹ̀. Ìyàwó ni gbogbo wọn ń pè mí. Mi ò sọ fún ẹnikẹ́ni pé mo ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣègbéyàwó. Wọ́n ní bí mo ṣe ń wolẹ̀ tí mo bá ń sọ̀rọ̀ ni wọ́n fi mọ̀. Yàrá kan wà níbẹ̀ tí wọ́n fi kápẹ́ẹ̀tì bo ògiri rẹ̀, tó ní fèrèsé gíláàsì ńlá tí kì í ṣí. Ibẹ̀ ni Sọ̀rọ̀sọ̀rọ̀ máa ń jókòó sí ní aago mẹ́wàá àárọ̀, tó ń sọ ohun tó ṣẹlẹ̀ nínú orin ní irú ọjọ́ òní. Àpótí pákó kan wà níwájú rẹ̀ tó kún fún káàdì, ọ̀kan fún ọjọ́ kọ̀ọ̀kan nínú ọdún. Lánàá ó ní irú ọjọ́ bẹ́ẹ̀ ni iná kú mọ́ olórin kan lójú agbo, tí àwọn èrò sì bá a kọ orin rẹ̀ dópin nínú òkùnkùn. Ó ní irú ọjọ́ bẹ́ẹ̀ náà ni tẹ̀gbọ́n-tàbúrò kan tó jọ ń ta gìtá tú ẹgbẹ́ wọn ká nítorí bàtà. Bàtà o, màámi! Mo rẹ́rìn-ín títí ìgbálẹ̀ fi bọ́ lọ́wọ́ mi.

Sọ̀rọ̀sọ̀rọ̀ kì í ka káàdì tẹ́lẹ̀. Ó ní tí òun bá ti kà á tẹ́lẹ̀, ohùn òun á ti sú òun kó tó dé ọ̀dọ̀ aráyé. Èmi ni mo máa ń nu àpótí náà, mo sì máa ń fi ìka tọ ọ̀rọ̀ díẹ̀díẹ̀. Báyìí ni mo ṣe kan káàdì ọjọ́ kẹtàdínlógún oṣù tó ń bọ̀. Wọ́n kọ ọ́ síbẹ̀ pé ọjọ́ náà, ọjọ́ Ìsinmi, ni Ọ̀gá Onígìtá àti ìyàwó wọn gba “Fìlà Rẹ Ń Bẹ Lọ́wọ́ Mi” sílẹ̀. Ó máa pé ọgbọ̀n ọdún lọ́tẹ̀ yìí.

Màámi, orin tí ọkọ mi yàn pé ká fi jó níjọ́ ìgbéyàwó wa nìyẹn. Bí wọ́n ṣe fi í sí i, ẹ dìde, ẹ kẹ̀yìn sí wa, ẹ dojú kọ fèrèsé bí ẹni tó ń retí ọkọ̀. Títí di òní ọkọ mi ò gbàgbé rẹ̀. Ó ní, “Ìyá ẹ ò fẹ́ mi. Torí pé káfíńtà ni mí ni.” Mo bẹ̀ yín, kí ló ṣe yín? Ẹ sọ fún mi, kí n lè rí nǹkan fi tù ú nínú.

Èmi ọmọ yín tó ń retí èsì.


Ọjọ́ kẹẹ̀ẹ́dógún, oṣù kejì

Ọmọ mi,

Ìwé rẹ dé. Orí ìdúró ni mo ti kà á tán, mi ò rántí jókòó. Má dààmú nípa ọwọ́ rẹ. Mo rí gbogbo ohun tí o kọ, mo tún rí èyí tí o kò mọ̀ pé o kọ.

Kọ́kọ́ sọ fún ọkọ rẹ pé mi ò bá a jà. Ọkùnrin tó ń lagi gún, tó sì ń sùn nílé, kí ni mo tún ń wá? Orin yẹn ni mo kẹ̀yìn sí. Èmi ni mo kọ ọ́.

O kà á dáadáa. Ohùn tí ẹ fi jó níjọ́ yẹn, ohùn mi ni.

Mo sọ ọ́ fún bàbá rẹ lẹ́ẹ̀kan kó tó kú, ó rẹ́rìn-ín, mi ò sì sọ ọ́ fún ẹlòmíràn mọ́. Ọmọ ọdún mọ́kàndínlógún ni mí nígbà tó ṣẹlẹ̀. Èmi ni mò ń rán ṣòkòtò tí ẹgbẹ́ Ọ̀gá Onígìtá fi ń ṣeré. Oníbàárà kan gbàgbé fìlà sí ṣọ́ọ̀bù wa, mo gbé e sórí itan, ẹsẹ̀ mi wà lórí ẹ̀rọ, orin náà sì ń tẹ̀ lé ẹsẹ̀ mi bọ̀: “Fìlà rẹ ń bẹ lọ́wọ́ mi, orí rẹ ńkọ́, ta ló wà lọ́dọ̀ ẹ̀?” Ọ̀gá dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó ń gbọ́. Ó ní kí n tún un kọ. Ọ̀sẹ̀ yẹn ló mú mi lọ sí yàrá kan lẹ́yìn ilé ìwé. Bùláńkẹ́ẹ̀tì tèmi la ta sí fèrèsé. Ìgbà méje ni mo kọ ọ́. Nígbà keje, bí mo ṣe dé “ta ló wà lọ́dọ̀ ẹ̀,” agogo ilé ìwé lù pé kí àwọn ọmọ máa lọ sílé. Téèpù ti tán. Ọ̀gá ní, “Ẹ jẹ́ kó wà bẹ́ẹ̀. Ta ló máa mọ̀?” Ọjọ́ Ìṣẹ́gun ni, ọjọ́ kejìlá oṣù kẹta.

Ọjọ́ kẹtàdínlógún tí wọ́n kọ síbẹ̀, ọjọ́ tí wọ́n ya fọ́tò ni. Ọ̀gá ní kí n gbé gáùn tí mo rán wá. Èmi ò ti wọ̀ ọ́ tán? Mo rò pé èmi ni wọ́n fẹ́ yà. Ó ní kí n bọ́ ọ, ìyàwó òun ló ní in. Ọmọ mi, ọwọ́ mi méjèèjì yìí ni mo fi bá obìnrin náà de bọ́tìnnì ẹ̀yìn rẹ̀.

Nígbà tí àwo jáde, ojú ìyàwó rẹ̀ ló wà lára páálí, orúkọ tirẹ̀ ló wà nísàlẹ̀. Mo lọ bá Ọ̀gá. Lójú gbogbo ẹgbẹ́ ló ti ní, “Aránṣọ, láti ìgbà wo ni abẹ́rẹ́ ti ń kọrin?” Wọ́n rẹ́rìn-ín, ọ̀kan nínú wọn dọ̀bálẹ̀ sórí ìlù rẹ̀. Ẹ̀rín yẹn ṣì ń dún létí mi bí mo ṣe ń kọ̀wé yìí. Mo ní àánú ọ̀pọ̀ èèyàn. Kò kàn án.

Yọ káàdì yẹn, kí o jù ú sí ṣáláńgá. Tó bá sì wá sí rédíò yín lọ́jọ́ kan, ẹnu tó gbé orúkọ mi mì, kó bì í, kí aráyé máa wò ó. Ohun tí mo fẹ́ nìyẹn. Ojoojúmọ́ ni mo ń fẹ́ ẹ.

Màámi rẹ.


Ọjọ́ kìíní, oṣù kẹta

Màámi mi,

Ẹ má bínú pé mo pẹ́. Ọjọ́ mẹ́ta gbáko ni mi ò fi lè jẹun dáadáa. Mo máa ń rí ẹ̀yìn gáùn yẹn tí mo bá dijú.

Ọkọ mi ò kọ́kọ́ gbà. Ó ní, “Ìyá ẹ? Ìyá ẹ tí kì í kọrin níbi tí ẹnikẹ́ni wà?” Mo ní ṣé ó wá ye é ìdí tí wọn kì í fi kọ ọ́. Ó yá ẹ̀rọ ìgbọ́rin lọ́wọ́ aládùúgbò, a gbé àwo orin náà sí i, a sì tẹ́tí. Agogo náà dún, màámi! Níbi tí ẹ sọ gan-an ni. Ọkọ mi ní bóyá ara orin náà ni. Mo ní agogo orin a máa tẹ̀ lé ìlù, èyí ń sáré bí ọmọ tí ebi ń pa. Ó tún un gbọ́ lẹ́ẹ̀mẹrin. Nígbà tó yá, kò wo ẹ̀rọ mọ́, èmi ló ń wò. Ó ní, “Bí o ṣe máa ń fa ohùn tí o bá ń fọṣọ nìyí.” Ó wá bo ojú rẹ̀. Ó ní kí n bẹ̀ yín fún òun, òun ò mọ̀ pé ohun tí wọ́n jí gbé lòun fi ń jó.

Ẹ ó rí i pé mi ò pe Ọ̀gá yẹn ní “wọ́n” mọ́. Mo gbìyànjú, ẹnu mi kọ̀.

Mi ò ju káàdì rẹ̀ nù o. Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé kí ẹ tó bú mi. Tí mo bá jù ú nù, òmíràn ni wọ́n máa kọ, irọ́ náà á tún di tuntun. Ṣùgbọ́n mo yẹ káàdì ọjọ́ kejìlá wò, mo rí i pé ìsàlẹ̀ rẹ̀ ṣófo. Lókè, wọ́n kọ ọ́ pé ọjọ́ yẹn ni wọ́n bí olórin olójú kan. Mo wá mú bírò. Mo kọ ọ́ síbẹ̀ pé:

“Lọ́jọ́ yìí, ọjọ́ Ìṣẹ́gun, ọgbọ̀n ọdún sẹ́yìn, ọmọbìnrin aránṣọ kan kọ Fìlà Rẹ Ń Bẹ Lọ́wọ́ Mi nínú yàrá kan lẹ́yìn ilé ìwé. Ohùn rẹ̀ la ń gbọ́. Kì í ṣe ti ìyàwó Ọ̀gá.”

Odindi wákàtí kan ló gbà mí. Mi ò kọ orúkọ yín torí ẹ̀rù bà mí pé kí wọ́n má wá yín wá. Mo ti dá a padà sínú àpótí. Mo yọ́ jáde níbẹ̀ bí olè. Ṣé olè ni mo jà, màámi? Ẹ dá mi lóhùn kíákíá. Ó ku ọjọ́ mọ́kànlá, mo ṣì lè yọ ọ́.

Èmi ọmọ yín.


Ọjọ́ kẹtàlá, oṣù kẹta

Màámi,

Ẹ ò dá mi lóhùn. Ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo kọ́ ni awakọ̀ onípákó ti wá tó sì lọ. Ó ní òun kàn rí yín lẹ́nu ọ̀nà ni, ẹ juwọ́ sóun pé kó máa lọ. Ṣé mo ṣẹ̀ yín ni? Ṣé torí mi ò ju káàdì náà nù? Mo dúró de ọ̀rọ̀ yín títí, mi ò yọ ọ́, ó sì ti bọ́ sórí afẹ́fẹ́.

Lánàá, Sọ̀rọ̀sọ̀rọ̀ ka olórin olójú kan, ó kà á bí ẹni ń mumi. Ó wá dé ọwọ́ tèmi. Ó dúró. Ó súnmọ́ káàdì, ó gbé e jìnnà, ó ní, “Ẹ jọ̀ọ́ ẹ ní sùúrù fún mi, ó jọ pé adìẹ ló kọ èyí.” Mo wà lẹ́yìn gíláàsì pẹ̀lú garawa lọ́wọ́. Ó ń kà á lọ́rọ̀ kọ̀ọ̀kan, bí mo ṣe kọ ọ́ gẹ́lẹ́. Nígbà tó dé “Kì í ṣe ti ìyàwó Ọ̀gá,” ohùn rẹ̀ lọ sílẹ̀. Màámi, ọgbọ̀n ọdún, ó sì jáde lẹ́nu ẹni tí kò tiẹ̀ mọ̀ yín. Inú mi dùn débi pé mo da omi sí bàtà ara mi.

Àsìkò ọ̀sán kò tíì tó tí Ọ̀gá Onígìtá fi ránṣẹ́. Ó ní òun fúnra òun ń bọ̀ ní ọjọ́ kẹtàdínlógún, tòun tìyàwó òun, láti wá bá òpùrọ́ náà fọ ẹnu rẹ̀ lórí afẹ́fẹ́. Ó ní kí wọ́n lé ẹni tó kọ ọ́ kí òun tó dé.

Máníjà wá to gbogbo wa sí ọ̀dẹ̀dẹ̀, ó ní kí oníkálukú kọ ìlà kan kí òun fi wé káàdì. Ẹ̀rù bà mí, mo fi ọwọ́ òsì kọ tèmi. Ẹ ò ní gbà gbọ́: ti òsì dára ju ti ọ̀tún lọ! Máníjà ní, “Ìyàwó, ìwé rẹ mọ́. Kì í ṣe ìwọ.” Ọlọ́dẹ ẹnu ọ̀nà ni gbogbo ojú wá yí sí, ọkùnrin náà sì ń búra.

Mi ò lè wò ó kó jìyà mi. Nígbà tí gbogbo wọn lọ jẹun, mo lọ bá Sọ̀rọ̀sọ̀rọ̀. Kí n tó ṣí ẹnu, ó ní, “Ìyàwó, ta ni aránṣọ yẹn sí ẹ?”

Mo ní, “Ìyá mi ni, sà.” Mo bá bú sẹ́kún.

Ó fa àga síwájú mi, ó ní kí n sọ gbogbo rẹ̀. Mo sọ agogo náà fún un. Ó gbé àwo sí i, ó gbọ́ ọ, ó ṣubú sẹ́yìn lórí àga. Ó ní ogún ọdún lòun ti ń ta orin yẹn sétí aráyé, òun ò gbọ́ agogo rí. Ó ti lọ gba ọlọ́dẹ sílẹ̀, ó ní òun máa sọ ẹni tó kọ káàdì náà lẹ́yìn ètò. Ó wá ní kí n béèrè lọ́wọ́ yín: tí Ọ̀gá bá jókòó síwájú òun, báwo ni kí òun ṣe mú un?

Awakọ̀ ní òun lè débẹ̀ lọ́la kó sì padà láàárọ̀ ọjọ́ kẹtàdínlógún. Ẹ dákun, tí ẹ bá ń bínú sí mi, ẹ fi ìbínú náà dá mi lóhùn.


Ọjọ́ kẹẹ̀ẹ́dógún, oṣù kẹta

Ọmọ mi,

Mi ò bínú sí ọ. Nígbà tí mo ka ohun tí o kọ sínú káàdì, mo fi aṣọ tó wà lórí ẹ̀rọ bojú, mo sunkún bà á jẹ́. Aṣọ oníbàárà ni. Ọ̀sẹ̀ kan ni mo fi ń wá irú rẹ̀ kiri, mo sì tún rán òmíràn. Ìdí tí o kò fi gbọ́ mi nìyẹn. Nígbàkúùgbà tí mo bá mú bírò, mo tún máa ń gbé e sílẹ̀.

O ò jalè. Olè ń bọ̀ wá bá yín lọ́jọ́ kẹtàdínlógún, yóò sì fi ẹsẹ̀ ara rẹ̀ rìn wá.

Sọ fún Sọ̀rọ̀sọ̀rọ̀ yín pé aránṣọ kì í gé aṣọ láìwọ̀n ọ́n. Kó má fi agogo kọ́kọ́ lu Ọ̀gá. Kó kí i dáadáa, kó yìn ín, kó jẹ́ kó tẹ̀ sẹ́yìn. Kó bi í pé ọjọ́ wo ni. Ó máa ní ọjọ́ Ìsinmi, torí ó fẹ́ràn kó máa ṣe bí ẹni pé orin náà bọ́ lù ú láti òkè nígbà tí gbogbo ayé ń sinmi. Kó jẹ́ kó búra sí i. Kó bi í pé ta ló wà nítòsí. Ó máa ní kò sẹ́nìkan, pé adùúgbò dákẹ́ rọ́rọ́. Jẹ́ kó sọ ìyẹn náà. Lẹ́yìn náà kó gbé orin sí i, kó béèrè ilé ìwé tó ń lu agogo lọ́jọ́ Ìsinmi.

Tó bá ti há, kó má fún un láyè omi. Mi ò fẹ́ ẹ̀bẹ̀, mi ò fẹ́ “ẹ foríjì mí.” Kó pe orúkọ mi. Ẹnu rẹ̀ ni mo fẹ́ kó ti jáde.

Kí o sì kọ gbogbo rẹ̀ fún mi bó ṣe ń lọ, rédíò yín kì í dé ibí. Má fo ohunkóhun, tó fi dé òógùn rẹ̀.


Ọjọ́ kẹtàdínlógún, oṣù kẹta

Màámi,

Ìwé yín dé láàárọ̀ yìí, awakọ̀ ò tíì pa ọkọ̀ tí mo ti já a gbà. Sọ̀rọ̀sọ̀rọ̀ kà á lẹ́ẹ̀mejì, ó ní, “Aránṣọ nìyá ẹ àbí adájọ́?” Mo jókòó sórí bẹ́ńṣì lẹ́yìn gíláàsì báyìí, àpótí tó ń gbé ohùn jáde wà lókè orí mi, bébà wà lórí eékún. Mò ń kọ ọ́ bó ṣe ń ṣẹlẹ̀. Tí ọ̀rọ̀ bá fò, ọwọ́ mi ò lè bá ẹnu wọn ni.

Ó dé. Màámi, ó ti gbó! Eyín tó fi rín yín rín ò kù ju mẹ́rin lọ. Ó wọ kóòtù tí èjìká rẹ̀ tóbi jù ú; ẹni tó rán an ò wọ̀n ọ́n dáadáa, ẹ̀yin náà á rí i. Ìyàwó rẹ̀ tẹ̀ lé e, kò sọ̀rọ̀, ó di báàgì mú sáyà. Èmi ni wọ́n ní kí n gbé omi fún wọn. Tútù ni mo gbé fún obìnrin náà. Ti Ọ̀gá, mo bù ú nínú èyí tó ti wà nínú oòrùn látàárọ̀. Ìyẹn nìkan lọ́wọ́ mi tó.

Wọ́n ti bẹ̀rẹ̀. Sọ̀rọ̀sọ̀rọ̀ ń yìn ín. Ó ti tẹ̀ sẹ́yìn.

“Ọjọ́ wo ni, bàbá?”

“Ọjọ́ Ìsinmi! Mo lè búra. Èmi àti aya mi nìkan, orin náà kàn bọ́ sílẹ̀ bí ìrì.”

“Kò sẹ́nìkan nítòsí?”

“Ta ló máa wà níbẹ̀? Ẹ̀yìn ilé ìwé ni. Dídákẹ́ rọ́rọ́ ni gbogbo ibẹ̀ dákẹ́.”

Màámi, ẹnu ara rẹ̀ ló fi sọ ilé ìwé! A ò tiẹ̀ bi í! Sọ̀rọ̀sọ̀rọ̀ wojú mi láti inú gíláàsì, mo fi ọwọ́ bo ẹnu.

Ó ti gbé orin sí i. Ohùn yín ń dún. Agogo ti lù.

“Bàbá, ilé ìwé wo ló ń lu agogo lọ́jọ́ Ìsinmi?”

Ọ̀gá yọ áńkáṣíìfù. Ó nu iwájú orí, ó nu ọrùn, ó ń nu ibi tí kò sí òógùn. Ó ní bóyá àwọn ọmọ kan ló ń ṣeré. Ó ní bóyá ara orin ni. Sọ̀rọ̀sọ̀rọ̀ kò gbà á, ó tún un fi sí i. Agogo tún lù. Ọ̀gá mu omi, ó fajú ro. Mò ń rẹ́rìn-ín, màámi, mi ò mọ̀ pé mo lè burú tó báyìí, ó sì ń dùn mọ́ mi.

Ẹ dúró. Ìyàwó rẹ̀ ti fa máìkì.

Ó ní, “Mi ò kọrin rí láyé mi. Ọgbọ̀n ọdún ni mo ti ń sọ fún àwọn èèyàn pé ọ̀nà ọ̀fun ń dùn mí. Gbogbo òde tí mo bá lọ, wọ́n á ní kí n kọ ọ́. Mi ò lè kọrin fún àwọn ọmọ ọmọ mi, kí wọ́n má baà gbọ́ pé ohùn mi kọ́. Ó ti sú mi. Lónìí, ọ̀fun mi yá.”

Ọ̀gá ní, “Ìwọ obìnrin yìí!”

Ìyàwó rẹ̀ ní, “Sọ ẹni tó kọ ọ́.”

Gbogbo ilé iṣẹ́ ti dúró sí ọ̀dẹ̀dẹ̀. Ọlọ́dẹ ti fi ẹnu ọ̀nà sílẹ̀.

Sọ̀rọ̀sọ̀rọ̀ ní, “Ta ni, bàbá? Orúkọ rẹ̀.”

Ọ̀gá ń wo tábìlì. Ó ní ọmọbìnrin kan ni. Ó ní aránṣọ kan ni.

“Orúkọ rẹ̀.”

“Mi ò mọ̀ ọ́n. Aránṣọ la máa ń pè é. Mi ò béèrè rí.”

Màámi, kò mọ̀ ọ́n. Kì í ṣe pé ó fi pamọ́. Mo wo ojú rẹ̀, kò mọ̀ ọ́n rárá ni. Ohun tí ẹ ní kó bì, kò sí níkùn rẹ̀. Inú tó ń bí mi báyìí ju gbogbo èyí tó ti bí mi lọ. Kò tiẹ̀ gba orúkọ yín, kó tó jí ohùn yín.

Sọ̀rọ̀sọ̀rọ̀ ti yíjú. Ó ń wò mí. Ó ń sọ ọ́ lórí afẹ́fẹ́ pé ẹnìkan wà nínú ilé yìí tó mọ orúkọ náà, pé ẹni náà ló kọ káàdì. Máníjà ń wò mí. Ọkàn mi ní kí n sá. Mò ń dìde bí mo ṣe ń kọ̀wé, ẹ rí i bí ìlà yìí ṣe wọ́.

Sọ̀rọ̀sọ̀rọ̀ ní, “Ìyàwó, wọlé. Jókòó síwájú bàbá, kí o sọ ọ́ fún wọn.”

Wọ́n ti ṣí ilẹ̀kùn fún mi. Màámi, mi ò ní wolẹ̀. Ojú rẹ̀ ni mo máa wò. Mo máa pe orúkọ yín ní kíkún, ti bàbá yín mọ́ ọn, mo máa ní kó tún un pè tẹ̀ lé mi, tó bá ṣì í pè mo máa ní kó tún bẹ̀rẹ̀ láti òkè. Mo ti ń wọlé.